ORIN Ẹ̀RỌ JÀPÁÀNÌ ÀTI ÀWO BÀBÁ MI

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ atọ́kùn ètò yìí tí ó ní kí n wá sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn àwo orin tí mo ti ń kó jọ láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ní àdúgbò mi ní Ọ̀kà Àkókó, bí ẹ bá béèrè ilé mi lọ́wọ́ ọmọdé, kò ní fi orúkọ bàbá mi júwe rẹ̀ fún yín. Ohun tí yóò wí ni pé, "Ṣé ilé Tísà Jàpáànì ni ẹ ń wá?" N kò dé Jàpáànì rí. N kò sì gbọ́ èdè wọn ju ìkíni méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n nínú yàrá mi, lórí pẹpẹ tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan bá mi kàn, àwo àti kásẹ́ẹ̀tì orin ijó ilẹ̀ Jàpáànì, irú èyí tí a fi ẹ̀rọ oníná mànàmáná ṣe, lé ní igba. Mo mọ ọdún tí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo mọ ẹni tí ó ṣe é, mo sì mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ mi.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó gbé mi dé ibí lónìí, ni èyí: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ Yorùbá máa kó orin àlejò jọ nígbà tí orin ilé rẹ̀ ń ṣègbé? Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà láì fi ohunkóhun pamọ́, nítorí pé mo jàre níbì kan nínú ọ̀ràn yìí, mo sì jẹ̀bi níbòmíràn. Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́gbọ́n jù lọ.

Ọdún 1982 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ ni mí nígbà náà, mo sì ní rédíò alágbèéká kan tí ó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó bàjẹ́, mo gbé e gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkárẹ́, sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ọ̀gá náà ní kí n jókòó de òun. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni ó ń dán wò lọ́wọ́, ẹ̀rọ ńlá kan tí ẹni tí ó ni ín rà ní àlòkù ní Èkó. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó gbàgbé síbẹ̀.

Bí ọ̀gá náà ti tẹ ẹ̀rọ, ìlù bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìlù rí, nítorí pé ilé onílù kò jìnnà sí ilé tí a bí mi sí. Ṣùgbọ́n ìlù yìí kò yára sí i, kò sì falẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ibi tí orí rẹ̀ ti wú. Lórí ìlù náà ni ohùn kan tí ó jọ ti dùùrù ti ń sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo bi ọ̀gá náà pé, "Ọ̀gá, ta ni ń lù ú?"

Ó ní, "Tísà, kò sí ẹni tí ń lù ú. Ẹ̀rọ ni."

Mo ní, "Ẹ̀rọ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá rí ọ̀kan tú wò, n ó sọ fún yín."

Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà kò bìkítà fún kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, nítorí náà ọ̀gá náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ilẹ̀ Jàpáànì ni ó kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tí mo lè kà: Yellow Magic Orchestra. Mo lò ó títí tí ọ̀rá inú rẹ̀ fi ń hun jọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí ń wá orin yìí kiri.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú orin tí mo ń sọ, nítorí pé a kì í sọ̀rọ̀ aṣọ fún ẹni tí kò rí i. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Tokyo ní ọdún 1978: Haruomi Hosono, Ryuichi Sakamoto àti Yukihiro Takahashi. Ọdún náà gan-an ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, Solid State Survivor, jáde ní 1979. Takahashi, onílù gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ilé-iṣẹ́ Roland ṣe jáde ní 1977, tí a ń fi nọ́ńbà kọ orin sínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń kọ ìṣirò sínú ìwé. Ẹ̀rọ náà ni ó ń darí àwọn ohùn, Takahashi sì ń lu ìlù tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Hosono ṣì wà láyé. Takahashi kú ní oṣù kìíní ọdún 2023, Sakamoto sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún kan náà.

Ohun kan wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Martin Denny. Ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú kí ẹgbẹ́ yìí tó dé, ó ti gbé orin kan jáde tí ń jẹ́ "Firecracker", tí ó fi ń ṣe àfarawé ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lérò pé orin Éṣíà jẹ́. Àwọn mẹ́ta yìí mú orin àfarawé náà, wọ́n fi ẹ̀rọ tún un ṣe, wọ́n sì tà á padà fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwòrán tí ẹlòmíràn yà nípa wọn ni wọ́n gbà padà, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kùn ún. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń lu ìlù ni ó kàn. Ikutaro Kakehashi ni ó dá ilé-iṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní ìlú Osaka ní 1972. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ ìlù kan jáde tí wọ́n pè ní TR-808. Bọ́tìnì 16 ni ó tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìlù kan tí a pín sí ọ̀nà 16 tí ó dọ́gba. Bọ́tìnì tí o bá tẹ̀ ni ibi tí ìlù yóò ti dún, èyí tí o kò bá tẹ̀ ni ibi tí yóò ti dákẹ́. Nígbà tí o bá sì ṣe tán, ẹ̀rọ náà yóò máa yí i po láìdúró. Kì í ṣe ohùn ìlù gidi ni wọ́n gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀. Iná mànàmáná ni wọ́n ń fi dá ohùn náà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi rojọ́ nígbà náà pé kò jọ ìlù tòótọ́. Nǹkan bí 12,000 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1983.

Ẹ̀rọ tí àwọn olówó kọ̀ yìí di àlòkù, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní New York, Chicago àti Detroit rà á, wọ́n sì fi dá ijó mìíràn sílẹ̀. Ní 1982, ohùn rẹ̀ ni ó wà nínú "Planet Rock" tí Afrika Bambaataa gbé jáde. Kí ọdún 1990 tó dé, orin tí wọ́n ń pè ní techno ti jáde láti Detroit. Ó sì padà sọdá òkun lọ sí Jàpáànì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Ken Ishii ti gbà á. Àwo rẹ̀ tí ó jáde ní 1995, Jelly Tones, wà lórí pẹpẹ mi. Ẹ wò ó bí ó ti rìn: àwọn ará Jàpáànì ṣe ẹ̀rọ, ọmọ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà fi í jó, àwọn ará Jàpáànì sì tún gba ijó náà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo rí àkọsílẹ̀ àwọn ohùn tí ó wà nínú TR-808, ẹnu yà mí. Agogo wà níbẹ̀. Ohùn tí ó jọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré wà níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ wà níbẹ̀. Ìlù tí a ń fi ọwọ́ lù wà níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa ìlù tiwa. Nínú ẹgbẹ́ onílù wa, agogo tí ń lu kónkóló kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Bí ẹ bá kà á, ìdá méjìlá ni ìyípo rẹ̀, ìlù méje nínú rẹ̀ ni ó sì ń dún. Gúdúgúdú kò kúrò lójú kan. Omele ń tẹ̀ lé e. Lórí gbogbo ìdúróṣinṣin yìí ni ìyáàlù dúró lé tí ó fi ń sọ̀rọ̀, tí ó ń ki ènìyàn, tí ó ń bú ọ̀tá, tí ó sì ń pe ẹni tí ó ń bọ̀ lókèèrè lórúkọ. Mo ti ń gbọ́ ìlù láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́ rí. Ẹ̀rọ Jàpáànì ni ó kọ́ mi bí a ti ń ka ìlù ní ìdákọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo padà gbọ́ dùndún níbi ìgbéyàwó kan ní Ìkárẹ́, mo dúró sójú kan, mo ń kà. Àwọn ènìyàn rò pé mo ń ṣàìsàn.

Ibi tí mo ti jàre nìyẹn. Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èmi dé oko ẹlòmíràn, mo sì mọ ti baba mi sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan kún un tí gbogbo yín mọ̀. Orin fújì, láti inú wéré àti ajísààrì tí a fi ń jí àwọn Mùsùlùmí ní àkókò ààwẹ̀ ni ó ti wá. Síkírù Àyìndé Barrister, ẹni tí ó sọ ọ́ ní orúkọ náà, tí ó sì kú ní oṣù kejìlá ọdún 2010, sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé ní ibùdókọ̀ òfuurufú ni òun ti rí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànì, òkè tí ó ga ní mítà 3,776, tí òun sì fi orúkọ rẹ̀ sọ orin òun. Kò sí ẹni tí ó pe Barrister ní ọ̀dàlẹ̀. Orúkọ ni ó yá. Ìlù, èdè àti oríkì kò kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sunny Adé ní 1983, nínú àwo Synchro System, ó jẹ́ kí ohùn ẹ̀rọ dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan, gángan kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Ó wá ku ibi tí mo ti jẹ̀bi.

Bàbá mi, oníṣòwò kòkó ni. Ó ní ẹ̀rọ gíràmafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí, ó sì ní àpótí igi kan tí àwo 31 wà nínú rẹ̀. Àwo àtijọ́ tí ó wúwo ni wọ́n, àwọn tí ń fọ́ bí àwo oúnjẹ bí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Haruna Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Àyìndé Bákàrè náà wà níbẹ̀. Àwo kan sì wà láàárín wọn tí olórin àpàlà kan tí kì í ṣe gbajúmọ̀ ṣe. Nínú àwo náà, olórin yìí ki ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kòkó tí bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ó ń pe wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe ìyàwó wọn, ó sì ń pe ìlú tí wọ́n ti wá. Bàbá mi kì í lo àwo náà lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú ni ó máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ, tí yóò sì jókòó níwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1986, mo lọ sí Èkó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Mo rí oníṣòwò àwo kan tí ó ní àwo ńlá mẹ́ta láti Jàpáànì, tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Owó ọwọ́ mi kò tó. Ọkùnrin náà ní bí mo bá ní àwo àtijọ́ ilẹ̀ wa, òun yóò gbà á ní pàṣípààrọ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó kan ń béèrè wọn lọ́wọ́ òun. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀kà. Mo sọ fún ara mi pé gíràmafóònù bàbá mi ti bàjẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, àti pé eruku ni ó kàn ń bo àwọn àwo náà. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé àpótí náà nígbà tí bàbá mi wà lóko, mo sì lọ.

Nígbà tí ó mọ̀, kò lù mí, kò sì bú mi. Ó ní kí n lo ọ̀kan nínú èyí tí mo gbà wá sílé. Mo lò ó. Ó fetí sílẹ̀ títí dé òpin, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ràn orin ni. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Orin yìí dára. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó mọ orúkọ ẹnì kan?"

N kò rí èsì fọ̀. Bàbá mi kú ní ọdún 1991. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pe orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tán, nítorí pé àwo tí ó mọ̀ wọ́n kò sí nílé. Mo ti padà lọ sí Èkó. Oníṣòwò náà ti ta wọ́n, kò sì mọ ẹni tí ó rà wọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwo yìí. Mo ti wá a dé Ìbàdàn, dé Ìjẹ̀bú, dé Òṣogbo. Èyí tí ó tún dùn mí jù ni pé n kò lè sọ orúkọ olórin náà fún àwọn tí ń bá mi wá a. Mo mọ orúkọ onílù kan ní Tokyo, mo mọ ọjọ́ tí ó kú. N kò mọ orúkọ ẹni tí ó ki bàbá mi. Ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Àpò náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe èmi nìkan ni ó ṣe irú èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ohùn àwọn baba wa wà. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí í ṣe bàbá bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àkójọ orin kan jáde, èyí tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1927 àti 1929. A rí orin wọ̀nyí gbọ́ nítorí pé ilé-iṣẹ́ EMI tọ́jú àwọn àwo náà sí Hayes. Ní 1985, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó orin jùjú àtijọ́ láti nǹkan bí 1930 jọ sínú àwo kan ṣoṣo. William Onyeabor pàápàá, ọmọ Igbo tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ijó ní Enugu láti 1977 dé 1985, tí ó sì ń tẹ àwo ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní New York ni ó kó orin rẹ̀ jọ ní 2013, kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa tó mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà.

N kò bú àwọn tí ó tọ́jú wọn. Ṣe ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé irú èmi ni wọ́n: ẹni tí ó fẹ́ràn orin àlejò, tí ó sì ń kó o jọ. Bí òyìnbó kò bá rà á, ó lè jẹ́ pé orí ààtàn ni àwo bàbá mi ìbá wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àlejò kò lè bá wa ṣe. Ó lè tọ́jú àwo, ó lè nù ún, ó lè kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè mọ̀ pé ọkùnrin tí olórin dárúkọ ní apá kejì àwo náà ni bàbá àgbà ẹni tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Ìkárẹ́. Àwa tí a wà nílé nìkan ni a lè kọ ìyẹn sílẹ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ.

Nítorí náà, èmi kò ní sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ má ṣe fẹ́ràn orin Jàpáànì, tàbí ti Kòríà, tàbí ti Amẹ́ríkà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa, nítorí pé ní àná òde yìí ni àwo kan tún wọlé mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtara tí ẹ fi ń kó ti àlejò jọ, ẹ fi kó tilé jọ pẹ̀lú, kí ẹ má sì ṣe fi ọ̀kan san gbèsè èkejì. Bí ó ti yẹ kí a ṣe é nìyí, láti inú ohun tí ojú mi ti rí.

Ohun kìíní, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ sì fún àwo kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sí àárín rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ẹ ti gbà á. Àwo tí kò ní àkọsílẹ̀, bí ó bá sọnù, ó sọnù tán. Ẹ rí i lára tèmi.

Ohun kejì, ẹ tọ́jú wọn dáadáa. Àwo, ìdúró ni a ń tò ó bí ìwé. Bí a bá tò ó léra lórí, ti ìsàlẹ̀ yóò fọ́ tàbí kí ó tẹ̀. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, nítorí pé ooru a máa mú àwo ọ̀rá ká. Kásẹ́ẹ̀tì, ní àsìkò òjò, èébù a máa hù sí ara ọ̀rá rẹ̀. Ẹ máa yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ sì ṣọ́ra fún ikán, nítorí pé páálí ara àwo ni ó kọ́kọ́ máa ń jẹ.

Ohun kẹta, ẹ gbé ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kí ó tó pẹ́ jù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, ó kéré tán. Èyí rọrùn lónìí ju bí ó ti rí nígbà tiwa lọ.

Ohun kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ gbé orin náà lọ bá àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ, kí ẹ sì bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ta ni wọ́n ń pè níhìn-ín? Ọmọ ta ni? Kí ni ó ṣe tí wọ́n fi ń kì í?" Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún kíláàsì yín. Ọmọ tí kò ní àwo nílé yóò rí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó lè kọ orin kan fún un láti inú orí rẹ̀.

Kí n tó dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ́lẹ̀ rí wá kí mi nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá. Ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Ó gbé ìlù kan dún fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Ohùn TR-808 ni, ohùn tí wọ́n dáwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní 1983, tí ó wà nínú orin àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé báyìí. Òun kò mọ ibi tí ó ti wá. Mo sọ ìtàn Kakehashi fún un, tí ó kú ní 2017. Lẹ́yìn náà ni mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó mọ orin tí àwọn obìnrin ń kọ níbi ìyàwó ní ayé àtijọ́. A fi fóònù gba orin mọ́kànlá sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá náà ń dárúkọ àwọn ènìyàn nínú orin, ọmọkùnrin yìí ń béèrè, èmi sì ń kọ ọ́. Orúkọ 26 ni a kọ. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn tí bàbá mi bá da kòkó pọ̀.

N kò tíì rí àwo bàbá mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní àpótí àwo àtijọ́ nílé, ẹ má tíì jù ú nù, ẹ má sì tíì tà á. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan tí ẹ mọ̀ wà níbẹ̀.